Ara Irin Tí Kì í Kọlu Ènìyàn

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2022, Phil Kessel, eléré họ́kì, wọ orí yìnyín ní ìlú Detroit pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Arizona Coyotes. Ó sáré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, ó jáde, ó bọ́ bàtà, ó wọ bàlúù padà sí Arizona, torí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ wáyé. Wọ́n ka eré náà fún un.

Bí NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ṣe ń ka eré àìdáwọ́dúró nìyẹn. Eré 82 ló wà nínú sáà kan nígbà náà. Ẹni tó bá wọlé, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan, ó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí eré fi parí, kò sí níbẹ̀. Àwọn eré ẹ̀yìn sáà, níbi tí wọ́n ti ń du ife, kò sí nínú ònkà yìí rárá. Ìdí nìyẹn tí Vegas Golden Knights fi lè yọ Kessel kúrò lẹ́yìn eré mẹ́rin nínú ìdíje ife ọdún 2023, tí eré 1,064 tó ti ṣe láìdáwọ́dúró ò sì yẹ̀. Ẹgbẹ́ kankan ò gbà á fún sáà tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni ònkà náà dúró sí. Kessel ló gun orí àkọsílẹ̀ náà.

Àwọn kan ò fẹ́ kan sáárá sí i. Wọ́n ní Kessel kì í kọlu ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó ń sá fún èjìká èèyàn kò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní ọkùnrin onírin, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí kì í pa eré jẹ. Ó yẹ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ìkọlù jẹ́ gan-an. Òfin eré náà gbà kí èèyàn fi èjìká tàbí ìbàdí gbá ẹni tí puck, róbà dúdú tí wọ́n ń lé kiri, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní puck ló ń kọlu èèyàn nígbà náà. Ẹni tó ní in ni wọ́n ń kọlù. Kessel, tó jẹ́ pé puck ni iṣẹ́ rẹ̀, tó ń gbé e sáré lápá ọ̀tún tó sì ń ta á sílé, ẹni tí wọ́n ń wá kiri ni. Iye ìgbà tó gbá ẹlòmíràn kò sọ iye ìgbà tí wọ́n gbá òun. Àwọn tó ń ka ìkọlù pàápàá, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó ní pápá kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n kà ní ìlú kan, wọ́n lè má kà á ní ìlú kejì.

Ẹni tó ń gbá èèyàn náà ń fi ara rẹ̀ wéwu. Èjìká ń yẹ̀, orúnkún ń fọ́, ìjìyà sì tún ń bẹ lẹ́yìn. Andrew Cogliano kò pa eré kankan jẹ láti ìgbà tó wọ líìgì ní 2007, títí tó fi pé 830. Ní oṣù Kíní ọdún 2018, wọ́n dá a dúró fún eré méjì torí bó ṣe gbá Adrian Kempe. Ara rẹ̀ le koko lọ́jọ́ náà. Èjìká ara rẹ̀ ló fòpin sí ònkà rẹ̀. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ.

Ìsá yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kí puck tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ ti bojú wẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò fi í sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ tó dé, kó má sì jẹ́ kí wọ́n ká òun mọ́ ògiri pákó tó yí pápá ká, torí ẹni tí wọ́n bá gbá mọ́ ògiri, kò síbi tí yóò yẹ̀ sí. Síbẹ̀, ewu kan wà tí ìsá kò kàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, puck ba Keith Yandle, ọ̀kan lára àwọn tí kì í pa eré jẹ, lẹ́nu, eyín mẹ́sàn-án lọ, ó sì padà wọlé nínú eré ọjọ́ náà gan-an. Glenn Hall tún ń kọ́? Aṣọ́lé ni, òfin ò sì gbà kí wọ́n fara gbá aṣọ́lé. Ó ṣe eré 502 láìsinmi láàárín 1955 sí 1962, láìfi nǹkan kan bo ojú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ti Hall kò tó nǹkan, kó lọ dúró síwájú puck.

Ibi kan wà tí ẹjọ́ àwọn alátakò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí kì í fi ara dínà fún puck tí wọ́n ta, ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a san gbèsè náà. Doug Jarvis tó ṣe eré 964, iṣẹ́ ìdènà ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Selke, ti eléré iwájú tó mọ iṣẹ́ ìdènà jù lọ, ní 1984. Bó bá jẹ́ ìwúwo iṣẹ́ la ń díwọ̀n, ti Jarvis tẹ̀wọ̀n ju ti Kessel lọ. Ṣùgbọ́n ìwúlò fún ẹgbẹ́ nìyẹn. Ònkà kò bi èèyàn ní irú iṣẹ́ tó ṣe.

Ẹni tó sì ń fòpin sí ònkà wọ̀nyí, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe dókítà. Yandle dé 989 ní 2022, ara rẹ̀ le, ẹgbẹ́ Philadelphia kàn fi í sílẹ̀ níta ni. Garry Unger ti ṣe eré 914 nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1979. Ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ Atlanta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kóòṣì Al MacNeil kò sì rán an wọlé títí eré fi parí. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 ì bá tó o.