Òkúta Afọ̀nàhàn Orí Òkè Derbyshire

Ní Longshaw, lápá Derbyshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta kan wà lóòró tí wọ́n gbẹ́ ọdún 1709 sí lára. Ojú mẹ́rin ló ní, orúkọ ìlú sì wà lójú kọ̀ọ̀kan; Sheffield wà lára wọn. Kò sí ọfà kankan níbẹ̀. Àlejò tó bá sọ pé ibi tí ojú òkúta kọ sí ni ìlú náà wà, ó ti ṣìnà nìyẹn.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń ka irú òkúta yìí ní Derbyshire. Bí Sheffield lò ń lọ, yí òkúta náà po títí wàá fi rí orúkọ Sheffield. Dúró, kọjú sí i dáadáa, kí o wá yà sí ọ̀tún. Ọ̀nà tó wà níwájú rẹ báyìí ni kí o máa tọ̀ lọ. Àwọn òkúta míì wà tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ọwọ́ sí, ìyẹn ò ní wàhálà. Agbẹ́kùúta á sì máa kọ orúkọ ìlú bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, nítorí náà orúkọ kan náà lè yàtọ̀ láti orí òkúta kan sí òmíràn. Èyí wù mí gan-an: ohùn ará ìgbà náà ló kù sára òkúta.

Orí òkè yìí le fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Igi ò pọ̀, ilé ò sí, koríko àti àbàtà ló lọ salalu. Kùrukùru á bò ó mọ́lẹ̀ lójijì. Ibẹ̀ làwọn oníṣòwò ń da ẹṣin gbà, pẹ̀lú iyọ̀ láti Cheshire tàbí òjé inú Derbyshire lẹ́yìn wọn. Òfin ọdún 1697 ló fún àwọn adájọ́ àgbègbè láṣẹ pé kí wọ́n ní kí àwọn alábòójútó ọ̀nà máa ri àmì sí oríta, kí wọ́n kọ orúkọ ìlú ọjà tó kàn sí i. Ọdún 1709 làwọn adájọ́ Derbyshire pàṣẹ tiwọn.

Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà tuntun tí èrò ń sanwó gbà, ọ̀pọ̀ òkúta di aláìníṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ gbé òmíràn lọ ṣe òpó ẹnu ọ̀nà oko. Ní 1940, nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé Jámánì máa ya wọlé, wọ́n ri àwọn kan mọ́lẹ̀ kí ọ̀tá má baà fi wọ́n mọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú rẹ̀ padà sí oríta rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan ń kọ sí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá fi lè yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin péré, gbogbo orúkọ ara rẹ̀ ló di irọ́.