Sílébù mélòó ló wà nínú judge?

Ẹyọ kan péré ni o. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá dúró níwájú kọ́ọ̀tù n'Ígbóṣeré tàbí Ìkẹjà, "jọ́jì" lẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn, àtẹni tó wá ṣe áfídéfíìtì àtẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì, ìyẹn sì ti di méjì. Kì í ṣẹjọ́ wọn. Yorùbá ò gbà kí kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, tiwa ò ju fáwẹ̀lì nìkan, tàbí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, tàbí irú ń tó dá dúró nínú "ńlá", torí náà tí ọ̀rọ̀ òyìnbó bá ti fi kọ́ńsónáǹtì parí báyìí, ẹnu wa á kàn bá a fi fáwẹ̀lì kan tì í nídìí.

Fáwẹ̀lì ni ọba inú sílébù, àmọ́ èyí tétí gbọ́ ni o, kì í ṣe èyí tójú rí. E tó gbẹ̀yìn judge ò dún rárá, ẹ má kà á. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n yín kẹ́ ẹ wá pe judgment, àgbọ̀n á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, judg-ment, kódà kẹ́ ẹ fi e sí i kó di judgement, méjì náà ni. Judgmental jẹ́ mẹ́ta.

Ibi tó ti máa ń dojú rú fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni judicial. Wọ́n á rí u, i, i, a, wọ́n á ní mẹ́rin. Rárá, mẹ́ta ni, ju-di-cial, torí pé cial yẹn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹnu ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni tion rí: adjudicate jẹ́ mẹ́rin, adjudication márùn-ún. Judiciary ní tiẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń pè é ló wà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pè é ní mẹ́rin, àwọn ará Amẹ́ríkà á fà á di márùn-ún, àwọn méjèèjì ló tọ̀nà.

Ká tó kúrò ńbẹ̀, sílébù tiwa, kálukú ló ní ohùn tiẹ̀, àmọ́ òyìnbó máa ń yan ọ̀kan tó máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, òun ni wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá kọ nínú ìbéèrè JAMB. PREjudice, àmọ́ prejuDIcial. AdJUdicate, àmọ́ adjudiCAtion. Ṣẹ́ ẹ rí i? Cial àti tion máa ń fa títẹ̀ yẹn wá sórí sílébù tó ṣáájú wọn gan-an, tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Judiciary náà, orí DI ló wà, kódà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ "judiSHIAry" lẹ́nu àwọn lọ́yà lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre.