Ohun Tó Ń Fa Táípúráítà àti Ohun Tó Ń Dá A Dúró

Ọ̀pọ̀ táípúráítà tí wọ́n ti sọ pé ó ti bàjẹ́ kò bàjẹ́ rárá. Ìdọ̀tí ló há a, tàbí okùn kan ló já nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ti ń wọ inú ẹ̀rọ náà àti ibi tó ń gbà lọ, kó tó tú síkúrúù kankan.

Ká mú táípúráítà Olympia SM9 bí àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Wilhelmshaven, lórílẹ̀-èdè Jámánì, láwọn ọdún 1960. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ká sínú agolo irin kékeré lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, lápá òsì. Okùn so agolo yìí mọ́ kárééjì, ìyẹn apá òkè tó gbé bébà, tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí atẹ̀wé bá ti kárééjì sí ọ̀tún láti bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, ó ń ká sípíríǹgì náà ni. Láti ìgbà yẹn ni sípíríǹgì ti ń fa kárééjì padà sí òsì láìsinmi. Kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín kan ni kò jẹ́ kó sáré lọ: ahọ́n irin méjì ń gbà á mú lọ́wọ́ ara wọn, wọn kì í jọ fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀pá kan á fa òmíràn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí lẹ́tà wà lórí rẹ̀ á dìde, á sì gbá rìbọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀já tó ní íǹkì lára, mọ́ bébà. Díẹ̀ kó tó kan bébà, ìdí irin náà á ti ti ọ̀pá àjùmọ̀lò, èyí tí gbogbo lẹ́tà ń tì. Ọ̀pá yìí ló ń sọ fún ahọ́n kan pé kó tú eyín sílẹ̀ kí èkejì sì mú un. Tí ìka bá kúrò, kárééjì á sún ní àyè lẹ́tà kan péré. Nínú ẹ̀rọ tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, lẹ́tà 10 ló ń gba ínṣì kan. Nínú èyí tí tirẹ̀ kéré, 12 ni. Iṣẹ́ ahọ́n méjì yìí ló wú àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí lórí jù, nítorí gbogbo ìwé tó jáde lórí táípúráítà, ojú eyín kẹ̀kẹ́ náà ló gbà kọjá.

Àìsàn tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn lẹ́tà ń gun orí ara wọn níbì kan ṣoṣo. Kó tó di pé a tú nǹkan kan, ká fi ọwọ́ rọra ti kárééjì sí òsì bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. Bó bá ń sún ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ara kẹ̀kẹ́ eléyín le koko. Okùn ló já tàbí tó yọ. Okùn tó le tí kì í fà, bíi fọ́nrán ìpẹja tí wọ́n hun, lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí agolo sípíríǹgì bọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń ká a: yóò yí fìrìfìrì, ìdí sípíríǹgì lè yọ nínú, ìka sì lè fara pa. Agbára tó máa fa kárééjì dé ìparí ìlà ti tó.

Àìsàn kejì ni lẹ́tà tó dìde tí kò padà sílẹ̀. Àwọn irin lẹ́tà jókòó sínú awo irin tó la ojú tẹ́ẹ́rẹ́ bí òòyà. Ọ́ìlì àtijọ́, eruku àti èérún rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ló pàdé níbẹ̀ tó di àtè. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípírítì la fi ń fọ̀ ọ́, tí a ó sì máa tẹ bọ́tìnnì náà léraléra títí yóò fi já geere. Sípírítì kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà ara ẹ̀rọ, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ iná. Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó da ọ́ìlì sí ojú òòyà yìí. Á yá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ́ìlì á gba eruku mọ́ra, tí ìhá náà á sì le ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ojú irin tí kárééjì ń rìn lé ni ẹ̀kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ sí.

Bó bá di dandan láti ṣí i, ká ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan, ká sì to síkúrúù sínú agolo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sukudíráfà tí kò bá ẹnu síkúrúù mu yóò jẹ ẹnu rẹ̀. Ìbòrí òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹ fi kárééjì sílẹ̀ síbi tó wà, nítorí ẹni tó bá yọ ọ́ láìmọ̀ á pẹ́ kó tó rí ìlà tó tọ́ mọ́.

Rọ́bà rọ́là, ìyẹn ọ̀pá roboto tí bébà ń ká mọ́, ní tirẹ̀ máa ń gan bó bá pẹ́. Ariwo á pọ̀, lẹ́tà á máa lu bébà já. Bébà kejì lẹ́yìn èyí tí a ń tẹ̀ á dín in kù títí a ó fi rí ẹni tó máa fi rọ́bà tuntun wọ̀ ọ́.

Táípúráítà tí wọ́n ṣe fún èdè Yorùbá ní ètò kan tí ẹni tó ń tún un ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀. Bọ́tìnnì àmì ohùn kì í sún kárééjì: irin rẹ̀ kì í ti ọ̀pá àjùmọ̀lò, kí lẹ́tà tó tẹ̀lé e lè wá jókòó sábẹ́ àmì náà. Nítorí náà, tí àmì bá wá já sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, kì í ṣe bọ́tìnnì ló bàjẹ́. Ohun kan ti mú kí irin náà máa kan ọ̀pá àjùmọ̀lò. Bí a bá ti wá ibi tó ti kàn án, tí a sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ká ki bébà sí i, ká tẹ “igba”, “igbá”, “ìgbà”, ká wo ibi tí àmì bọ́ sí.