Dandan Kọ́ Ni Kí Ẹni Tó Ń Ṣe Dáyálísísì Sorí Kọ́

“Ta ni wọ́n á máa so mọ́ ẹ̀rọ tí inú rẹ̀ á dùn?” Ohun tí à ń sọ nìyẹn tí aláìsàn kíndìnrín tó ń ṣe dáyálísísì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, bá dákẹ́ sínú ilé, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Àánú ló ń mú wa sọ ọ́. Àmọ́ ta ló máa wá ìtọ́jú fún ohun tó ti gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìyà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 4 nígbà kọ̀ọ̀kan. Omi mímu gan-an, wíwọ̀n ni. Iṣẹ́ lè bọ́. Ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé tẹ́lẹ̀ á wá di ẹni tí wọ́n ń sìn lọ sílé ìwòsàn. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sunkún tàbí tó ń kanra, kò jẹ̀bi.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ìbànújẹ́, ọ̀tọ̀ ni ìsoríkọ́. Ìbànújẹ́ máa ń fini sílẹ̀ díẹ̀. Ọmọdé lè ṣàwàdà, kí aláìsàn rẹ́rìn-ín. Ìsoríkọ́ lè lò tó ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfini lọ́rùn sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń fà á ni, gbogbo ẹni tó ń jókòó tì í ni ì bá máa ṣe. Àwọn olùwádìí kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2013. Lára àwọn tó ń ṣe dáyálísísì tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò dáadáa, nǹkan bíi 23 nínú 100 ló ní ìsoríkọ́. Níbi tó ti jẹ́ pé aláìsàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn sínú ìwé, iye náà fò lọ sí nǹkan bíi 39. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè nípa àárẹ̀, àìróorunsùn àti oúnjẹ tí kò wuni jẹ, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fa gbogbo wọn. Nítorí náà, a lè pe àárẹ̀ kíndìnrín ní ìsoríkọ́, a sì lè pe ìsoríkọ́ ní àárẹ̀ kíndìnrín. Lójú tèmi, ìkejì ló ń ṣọṣẹ́ jù. Ohun tó dáa ká bi aláìsàn ni pé: ṣé ohun tó ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọ? Ṣé o rò pé ẹrù lo jẹ́ fún wa?

Ìdí tí kò fi yẹ ká fi í ṣeré ni pé ẹni tó sorí kọ́ lè máa pa ọjọ́ ẹ̀rọ jẹ, kó má lo oògùn, kó mu omi kọjá ìwọ̀n. Àwa á ní ó ti ya olóríkunkun. Irú wọn ló sì ń dèrò ọsibítù jù, tí wọ́n tún ń tètè kú.

Ìtọ́jú wà. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2019, wọ́n fún àwọn kan lára aláìsàn 120 ní sertraline, ìyẹn oògùn ìsoríkọ́. Àwọn yòókù rí olùtọ́jú tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí àga níbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ara àwọn méjèèjì fúyẹ́. Oògùn fi díẹ̀ ṣíwájú, àmọ́ òun náà ló mú ìnira wá jù. Kí dókítà kíndìnrín mọ̀ sí oògùn èyíkéyìí o, torí òmíràn kì í tètè jáde lára wọn.

Tí aláìsàn bá ní òun ò ṣe dáyálísísì mọ́ ńkọ́? Ẹlòmíràn wà tó fara balẹ̀ pinnu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìsoríkọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ó ń sọ pé òun máa para òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.