Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta ni àbí Ọdún Mẹ́wàá? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Físà Iṣẹ́ Ìlú Ọba

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Ìlú Ọba gbé ìwé àbá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó ń wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Kí ìròyìn náà tó dé Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, ó ti yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn: wọ́n ní ọdún mẹ́wàá ni èèyàn yóò máa fi retí físà báyìí. Nọ́ọ̀sì kan ní Ṣágámù, tó ti ń dá àjọ bọ̀ láti ọdún méjì nítorí ìrìn àjò yìí, bi mí bóyá kí òun kúkú kó owó náà kí òun fi ra ilẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ló mú mi jókòó kọ èyí.

Ṣé lóòótọ́ ni físà iṣẹ́ ti di ọdún mẹ́wàá?

Rárá.

Ibo wá ni ọdún mẹ́wàá yẹn ti wá?

Ìdúró méjì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni ìdúró de físà, nígbà tí èèyàn ṣì wà nílé. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dé ọ̀hún tó ń ṣiṣẹ́: iye ọdún tí yóò lò kó tó lè tọrọ ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ gbére, èyí tí wọ́n ń pè ní ILR. Nígbà tí ìwé náà jáde, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń kà fún òṣìṣẹ́ tó bá físà iṣẹ́ lọ. Àbá inú ìwé oṣù Karùn-ún yẹn ni pé kó di mẹ́wàá, kí àwọn kan sì lè tètè rí i gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ro bí òun yóò ṣe pẹ́ tó lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo kún ìdúró ẹni tó ń retí físà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Físà fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbèdéke tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ láti òkèèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni fún ẹni tó ti wà nínú Ìlú Ọba.

Kí ló dé tí ti ẹ̀gbọ́n mi fi di oṣù mẹ́ta?

Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni kí ẹ wò. Kì í ṣe ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ ṣèlérí, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, tí ẹ ti lọ tẹ̀ka tí ẹ sì ya fọ́tò l'Ékòó, tí ìwé yín sì ti pé, ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀, àkókò tiyín ló ń jẹ: kí agbanisíṣẹ́ tó fún yín ní ìwé onígbọ̀wọ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ní CoS, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá fún àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ìlera tàbí iṣẹ́ olùkọ́.

Ó tún lè pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n bá fẹ́ wádìí ìwé kan, tí wọ́n bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá ti dá yín lẹ́bi rí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ìwé ẹ̀rí yín ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá yín, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó kún un.

Ohun tó ń dun èèyàn jù ni pé àwọn ìwé náà ń kú bí ẹ ti ń dúró. Oṣù mẹ́ta péré ni ẹ ní láti fi lo CoS. Oṣù mẹ́fà ni ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ń lò. Ẹ má sáré ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò tíì kọjá orí fóònù.

Ṣé mo lè sanwó kó yá?

Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí àǹfààní rẹ̀ bá wà. £500 ni fún èsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, £1,000 sì ni fún ti ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ títẹ̀ka, lórí owó físà gan-an. Kíá ni owó yẹn ń rà. Kò ra “bẹ́ẹ̀ ni”.

Éjẹ́ǹtì kan ní òun mọ èèyàn nínú ọ́fíìsì wọn.

Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ wá ra CoS, ẹ sá fún un: ìjọba wọn kò gbà kí agbanisíṣẹ́ ti owó CoS sọ́rùn òṣìṣẹ́. Orúkọ gbogbo iléeṣẹ́ tó ní àṣẹ ìgbọ̀wọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba wọn. Ẹ wá orúkọ náà níbẹ̀, kí ẹ sì fúnra yín kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, kì í ṣe sí nọ́ńbà tí éjẹ́ǹtì fún yín.

Ọdún mẹ́wàá kan wà tó lè kan ẹni tó wà nílé, òun ló sì yẹ kó bà yín lẹ́rù: ẹni tí wọ́n bá ká ayédèrú ìwé tàbí irọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè di ẹni tí wọn kò ní fún ní físà fún ọdún mẹ́wàá. Éjẹ́ǹtì tó ṣe ìwé náà yóò wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, yóò máa wá oníbàárà mìíràn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ńkọ́?

Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọn kò gba òṣìṣẹ́ tuntun láti òkèèrè sí i mọ́. Ẹni tó bá ń tà á fún yín lónìí, ẹ̀tàn ló ń tà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, kí ni kí n ṣe?

Ẹ yẹ íméèlì yín wò, títí dé ibi tí lẹ́tà pàǹtírí ń wọ̀ sí, torí wọ́n lè ti béèrè ìwé kan tí ẹ kò rí. Ẹ má fi ìbínú fa ìwé yín yọ: lẹ́yìn títẹ̀ka, wọn kì í dá owó físà padà.

Ṣé kí n ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Owó àjọ nọ́ọ̀sì Ṣágámù ńkọ́?

Mo ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń gba nọ́ọ̀sì, kò sì tíì ní CoS lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ìwé rẹ̀ kankan tí ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà fún báyìí.