Ẹ̀bi aláìsàn tí ìtọ́jú ò bá ṣiṣẹ́

Tí èèyàn bá gba ìtọ́jú tí ara ẹ̀ ò sì yá, wọ́n máa ń béèrè pé ta ló fà á, òun fúnra ẹ̀ ni àbí dókítà, àbí oògùn ni, àbí àìsàn yẹn gan-an ló le. Aláìsàn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ nàka sí, wọ́n á ní kò lo oògùn bó ṣe yẹ, kò tètè wá, kò jáwọ́ nínú sìgá.

Lọ́dún 1951, Talcott Parsons, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, sọ pé ẹni tára ẹ̀ ò dá kò jẹ̀bi àìsàn ẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fẹ́ kára òun yá kó sì gbọ́ ti dókítà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí tára ò bá yá, ó rọrùn láti sọ pé kò ṣe tiẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọwọ́ aláìsàn wà níbẹ̀. Oṣù 6 ni wọ́n sábà fi ń lo oògùn ikọ́ ife, ẹni tó bá sì dá a dúró láàárín ọ̀nà, kòkòrò yẹn lè di èyí tí oògùn ò ràn mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ lọ́dún 2003 pé láwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà pàápàá, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lò ó. Àmọ́ kì í ṣe oríkunkun ló ń fa gbogbo ẹ̀ o: oògùn lè wọ́n ju owó ọwọ́ wọn lọ, ó lè máa mú kí wọ́n bì, ó lè pọ̀ débi pé wọ́n ń gbàgbé, tàbí kó jẹ́ pé dókítà ń kánjú tí kò ṣàlàyé ẹ̀ yé wọn. Àwọn míì wà tó lò ó pé pérépéré tí kò sì ṣiṣẹ́, torí àyẹ̀wò ṣì wọ́n, ó ní àìsàn míì ló ń ṣe wọ́n, tàbí kòkòrò tó ràn wọ́n ti borí oògùn yẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ò mu sìgá rí náà ń ní kánsà ẹ̀dọ̀fóró, síbẹ̀ wọ́n á ṣì máa bi wọ́n bóyá wọ́n ń mu sìgá.

Nílé ẹjọ́ láwọn orílẹ̀-èdè kan, adájọ́ lè dín owó gbà-má-bínú tí dókítà máa san fún aláìsàn kù tí aláìsàn bá lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣe é, àmọ́ lọ́dún 2015 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní UK sọ pé dókítà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ ewu tó ṣe pàtàkì nínú ìtọ́jú kó tó gbà á.

Ìdálẹ́bi tún ń ba ìtọ́jú fúnra ẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìbáwí kì í sọ pé òun ò lo oògùn òun, dókítà á wá rò pé èyí tóun fún un ló kéré, á sì fi kún un.