Bíríkìlà tó ń gba kọntiráàtì, ìnṣọ́ránsì wo ló yẹ kó rà?

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́lé á fẹ́ kí ilé ẹ̀ parí kí Ojúde Ọba tó dé, bíríkìlà kan á wá ní sáìtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣágámù, kó má sì sí ìnṣọ́ránsì kankan lórí ìkankan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ búlọ́ọ̀kù kan péré tó bá já bọ́ lu ẹni tó ń kọjá lọ lè gbé èrè ọdún kan lọ.

Orí àwọn òṣìṣẹ́ ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Òfin Employees' Compensation ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lóṣù fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, àwọn yẹn ló ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ẹbí ẹni tó bá kú. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹni tó ń gbowó oṣù nìkan o, lébìrà ojúmọ́ wà níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan ará ìta àti iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Òfin ìnṣọ́ránsì 2003, kí òfin tuntun ti 2025 tó rọ́pò ẹ̀, ti ní kí ilé tó bá ju flọ́ọ̀ méjì lọ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìsí ìnṣọ́ránsì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Contractors' All Risks, ìyẹn "gbogbo ewu" agbaṣẹ́ṣe, máa ń kó méjèèjì pọ̀, ìjì wó ògiri tí ò tíì gbẹ, tàbí páákó ṣubú sórí mọ́tò aládùúgbò. Orúkọ yẹn máa ń tan èèyàn ṣá, torí ògiri tó wó nítorí pé wọ́n ṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kù, ẹni tó mọ ọ́n ló máa ń tún un kọ́ lápò ara ẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni ti irinṣẹ́. Ká ní míksà tó ₦2,000,000, ọ̀gá wá kọ ₦1,000,000 sí fọ́ọ̀mù kí owó tó máa san lè kéré. Iná wá jó o, àtúnṣe ẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Ọ̀gá á rò pé wọ́n á san án pé, ṣebí ò tó mílíọ̀nù kan. Rárá o! Ìdajì míksà ló ṣe ìnṣọ́ránsì fún, ìdajì ìnáwó náà ni wọ́n máa san, ₦300,000, wọ́n á sì tún yọ excess, ìyẹn owó tí oníǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fúnra ẹ̀ gbé.

Kọ́ńpìnnì tí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì, fún láṣẹ ni kí wọ́n lọ bá, kí wọ́n sì sanwó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí láìsanwó, ìnṣọ́ránsì ò tíì sí nìyẹn. Tí onílé bá sì dé láti Èkó tó ní òun ò ṣe búńgálò mọ́, pẹ́tẹ́ẹ̀sì lòun fẹ́, kí wọ́n kọ̀wé sí kọ́ńpìnnì kí wọ́n tó da dẹ́kìn.